Bírò Pupa Ọ̀jọ̀gbọ́n Grinshpan

Títí di òní, bí ọ̀mọ̀wé méjì bá pàdé ní ìlú Haifa tí wọ́n sì dárúkọ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Naftali Grinshpan, ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì ni wọn yóò kọ́kọ́ fà yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà méjì jáde nínú ìwé ìròyìn kan ṣoṣo. Ogóje ọ̀mọ̀wé ló fọwọ́ sí ti ojú ewé kẹta. Wọ́n ní àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lu orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì lójoojúmọ́, ìkórìíra Júù ló wà nínú wọn, wọ́n kàn wọ ẹ̀wù òṣèlú fún un ni. Ọgọ́fà ọ̀mọ̀wé ló fọwọ́ sí ti ojú ewé karùn-ún. Wọ́n ní àwọn ti ojú ewé kẹta fẹ́ fi ẹ̀sùn ìkórìíra Júù pa àwọn ará Palẹstínì lẹ́nu mọ́ ni. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Àmọ́ orúkọ Grinshpan wà nínú lẹ́tà kìíní, ó sì tún wà nínú ìkejì.

Kò tíì gbé èso ólífì àkọ́kọ́ mì nídìí oúnjẹ àárọ̀ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ti dà wá!" ni ohùn kan pariwo.

Ó gbé e sílẹ̀, òmíràn tún wọlé. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ìhà méjèèjì ló fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́ sí i pé kó bá wọn fọwọ́ sí i. Grinshpan jókòó, ó fa bírò pupa yọ, ó sì tún lẹ́tà méjèèjì ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, ó rí ọjọ́ ìtàn mẹ́fà tí wọ́n kọ ṣì. Nínú ìkejì, ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu ọkùnrin kan tó ti kú lọ́dún méjì ṣáájú kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀. Ó fún ti àkọ́kọ́ ní máàkì méjìdínlọ́gọ́ta, ó fún ìkejì ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ló wá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ogójì ọdún, láti fi hàn pé òun ti kà á parí. Àwọn tó tẹ lẹ́tà yọ máàkì kúrò, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ gba orúkọ mi," ló ní fún àwọn méjèèjì, "kí ló dé tí ẹ kò gba máàkì mi?"

Dókítà Rudayna Makhoul rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ará Palẹstínì ni, òun náà ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì tí Grinshpan ti ń kọ́ni, ọ́fíìsì rẹ̀ àti ti Grinshpan sì dojú kọra. Òun gan-an ló kọ lẹ́tà ojú ewé karùn-ún. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá rántí pé òun lòun gba mọ́kànlélọ́gọ́ta, inú bí i títí di ọjọ́ Ẹtì.

Grinshpan kì í ka nǹkan kan kó má fọwọ́ sí i. Ìwé iná mànàmáná, ó fọwọ́ sí i. Ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri nílé ìwòsàn, ó tún un ṣe, ó fọwọ́ sí i. Ní ilé kọfí Abu Fahim tó máa ń lọ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó gba ìwé oúnjẹ lọ́wọ́ onílé, ó rí i pé ẹja wà níbẹ̀, ẹja tí Abu Fahim kò sè láti ọdún méjì. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Ẹja yìí, ẹ̀rí rẹ̀ dà?" Ó fọwọ́ sí i. Abu Fahim fi gíláàsì bo ìwé náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Bí òun àti Rudayna ṣe mọ ara wọn náà, ẹjọ́ bírò pupa ni. Ọmọ ogún ọdún ni Rudayna nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé páálí kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ orúkọ abúlé ìyá àgbà rẹ̀ ní Gálílì sí, Ayn Rummana, àti oṣù tí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì lé wọn jáde níbẹ̀: oṣù karùn-ún, ọdún 1948. Ọkùnrin kúkúrú kan tó gbé àpò ọ̀rá dání dúró níwájú rẹ̀, ó ń ka páálí náà. Rudayna ti ń wá èébú tí yóò fi dá a lóhùn.

"Oṣù keje ni," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Oṣù keje ni wọ́n lé wọn, kì í ṣe oṣù karùn-ún. Bí o bá fẹ́ pariwo mọ́ mi, ìwọ ọmọ yìí, fi oṣù tó yẹ pariwo mọ́ mi." Ó na bírò pupa sí i.

"Ìyá àgbà mi wà níbẹ̀, ẹ̀yin kò sí níbẹ̀!"

"Ó dáa. Mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ."

Rudayna rò pé ó ń ṣeré ni. Ní ọjọ́ kẹta, Grinshpan dé ilé wọn tòun ti àpò ọ̀rá rẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá àgbà Nazha fún wákàtí mẹ́rin, ó mu ife kọfí mẹ́fà, ó ń kọ gbogbo ohun tí ìyá ń sọ: ẹni tó ni kànga, igi tó wà lẹ́yìn ilé, orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbé wọn lọ. Nígbà tó yá, ìyá ní, "Ọmọ mi, a kò rí oúnjẹ mú dání. Èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ń pọ́n lọ́wọ́ la ká sínú aṣọ, òun la jẹ dé Lẹ́bánónì, kí a tó rí ọ̀nà yọ́ padà wá." Grinshpan gbé bírò sílẹ̀, ó wo Rudayna. Gbogbo ọmọ Gálílì ló mọ̀ pé ọ̀pọ̀tọ́ kì í pọ́n nínú oṣù karùn-ún.

Kò fi Rudayna ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìyá. Ó dúró títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. "Oṣù keje," ló sọ wẹ́rẹ́, ó sì ń fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà Nazha ló wà nínú ìwé tó kọ lọ́dún kejì, títí kan orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Rudayna ti pinnu pé ìtàn lòun yóò kọ́, bí kò bá tiẹ̀ sí ìdí mìíràn ju kóun lè rí ibi tí ọkùnrin yìí ti ṣì í.

Ó rí ibi púpọ̀. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń ja ìjà orí ìwé, èyí kọ, tọ̀hún dáhùn. Grinshpan gbà pé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì wà, kò sì fi bò. Rudayna kì í jẹ́ kó gbàgbé ohun tí wíwà rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà òun. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ Abu Fahim ni wọ́n ti jọ ń mu kọfí, ariwo wọn a sì máa lé àwọn oníbàárà jáde. Ayé ìgbà yẹn dùn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó ń dùn.

Ìpàdé ńlá kan wà tí wọ́n jọ lọ. Láàárọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti òkè òkun dìde, ó nàka sí Grinshpan, ó ní Júù tó kórìíra ara rẹ̀ ni.

"Èmi?" ni Grinshpan wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bruria ìyàwó mi lórí fóònù. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n dín bí mo ṣe fẹ́ràn ara mi kù."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ tún yíwọ́. Ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rudayna lórí pèpéle ní òun mọ ìdí tí ayé kò fi gbọ́ igbe Palẹstínì: àwọn Júù ló ra gbogbo ìwé ìròyìn ayé, àwọn ló sì ń darí owó. Grinshpan kọjú sí Rudayna, ó ń dúró dè é. Rudayna fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ́dọ̀.

"Èyí tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Palẹstínì," ló wí. "Ìkórìíra Júù nìyẹn, òun gan-an. Ẹ má fi ti ìyá àgbà mi bò ó. Ẹ jókòó."

Grinshpan fi bírò pupa kọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún sí iwájú orúkọ Rudayna lórí ìwé ètò, ó fi hàn án.

"Márùn-ún tó kù ńkọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"O pẹ́ díẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì yẹn ni Rudayna kọ àpilẹ̀kọ tó fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ó kọ nípa bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń fi ẹ̀sùn ìkórìíra Júù na ara wọn bíi pàṣán, tí ẹ̀sùn náà fi ń bọ́ lé ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi. Kò pé oṣù kan tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan fi kọ̀wé sí yunifásítì pé àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀, ìkórìíra Júù ni. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n lé e níṣẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó máa ń kí Rudayna lọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn bó bá ń bọ̀. Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Bí irú orúkọ yẹn bá lẹ̀ mọ́ ọ̀mọ̀wé, ọṣẹ ayé kan kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ohun tó tún dẹ́rù bà á ni pé Grinshpan ti kọ ojú ewé mẹ́sàn-án láti tako àpilẹ̀kọ yìí kan náà. Àwọn olùfisùn ló pè é wá jẹ́rìí. Ó wọlé tòun ti àpò ọ̀rá, ó kó ìwé sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ pupa fòò.

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hagit Ravitz, ló bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ojú ewé mẹ́sàn-án tako àpilẹ̀kọ yìí?"

"Mẹ́sàn-án àti ààbọ̀."

"Ẹ gbà nígbà náà pé kò dára."

"Kò dára rárá! Ó ṣìnà lójú ewé kẹrìnlá. Ó ṣìnà lójú ewé kejìlélógún, ibẹ̀ yẹn burú jọjọ. Lójú ewé ogójì, ó fa ọ̀rọ̀ mi yọ láti inú ìwé mi àtijọ́, ó ṣe bí ẹni pé n kò tíì tún un ṣe. Ìyẹn ni n kò lè dárí jì í."

Agbẹjọ́rò Rudayna káwọ́ lérí.

"Ìkórìíra Júù ńkọ́? Ṣé ó wà nínú rẹ̀?" ni alága bi í.

Grinshpan bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a. Àlàyé mẹ́rìnléláàádọ́fà ló wà nísàlẹ̀ àwọn ojú ewé yẹn, mo sì wo ìdí gbogbo wọn. Obìnrin alágídí kan tí kò ra ìwé mi tuntun ni mo rí níbẹ̀." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ìkórìíra yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó kan ilẹ̀kùn ilé wa ní ìlú Czernowitz, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Bàbá mi àti àbúrò mi obìnrin bá a lọ, wọn kò padà wálé. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣòfò lórí ẹni tí a kàn jọ ń jiyàn. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá dé, kí la ó wá pè é?"

Ìgbìmọ̀ dá Rudayna láre. Kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí tí Grinshpan jẹ́ kò jáde síta, ẹnu ayé kò sì dákẹ́. Rudayna mọ ohun kan tó lè pa á lẹ́nu mọ́: kí Grinshpan fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ náà bó ti ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan. Bí àwọn ènìyàn bá rí orúkọ yẹn nísàlẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ó kà á délẹ̀, kò sì rí ẹ̀gbin níbẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọwọ́ sí i," ló ń wí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"N kò tíì parí rẹ̀."

"Ọdún mélòó lẹ fẹ́ fi ka ojú ewé ogójì? Ẹ fọwọ́ sí ìwé oúnjẹ Abu Fahim!"

"Ti Abu Fahim ti parí. Ó gbà pé kò sí ẹja. Ìwọ, ṣé o ti gbà lórí ojú ewé kejìlélógún?"

"N kò gbà, n kò sì ní gbà!"

"Ṣé o rí i? Kò tíì parí." Ó sì pè fún kọfí míì. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń bá a bẹ́ẹ̀. Rudayna kò sọ fún un rí pé ó ń dun òun, àmọ́ ó ń dùn ún.

Ìgbà òtútù ni Grinshpan kú, lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ìwé lórí ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó ọ̀fọ̀ nílé, àwọn ogóje wá, àwọn ọgọ́fà náà wá, wọ́n ń jẹ àkàrà òyìnbó lórí tábìlì kan náà, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tí olóògbé jẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni Bruria fa Rudayna wọ yàrá.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, Mà," ni Rudayna wí.

"Ọmọ mi, má kí mi mọ́, ó rẹ̀ mí. Ìwọ ló ni èyí." Ó gbé àpò ọ̀rá kan lé e lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ Rudayna ló wà níbẹ̀, ó ti gbó, àbàwọ́n kọfí sì wà lára rẹ̀.

Kò ṣí i níbẹ̀. Ó dúró di Ọjọ́bọ̀, ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Abu Fahim, ó jókòó sábẹ́ ìwé oúnjẹ tó wà nínú gíláàsì. Bírò pupa rìn láti ojú ewé kìíní dé ogójì, kò fo ìlà kan. Rudayna ṣí èyí tó gbẹ̀yìn. Orúkọ kò sí nísàlẹ̀. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, ó kọ ọ́ pé:

"Rudayna, mo ti ka èyí parí kí n tó lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ó mọ́ tónítóní. O lè fi ọ̀rọ̀ yìí han ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí mo bá fọwọ́ sí i, ó ti parí nìyẹn, kí la ó wá máa jà sí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

Rudayna sunkún níbẹ̀, kò fojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Abu Fahim gbé kọfí wá, ife méjì bó ti ń gbé e wá tẹ́lẹ̀, ó gbé ìkejì sí iwájú àga tó ṣófo, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Rudayna nu ojú rẹ̀, ó wá bírò nínú báàgì. Ó ṣí ojú ewé kejìlélógún.

"Irọ́ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí sí àga náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó pupa.