Ìgbà Tí A Di Ẹbí Ọkọ

Gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Òkè-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í rùn bí ibi mímọ́ rárá. Ilé ìlagi kan wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀, nítorí náà òórùn pákó tútù ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́búlẹ́bú igi a sì máa bà sórí ìwé orin, tí wàá fi ní láti fẹ́ ẹ kúrò kí o tó kọrin. Inú òórùn yẹn ni àwa ọ̀dọ́ ìjọ ti jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà léra wọn, tí à ń gbèrò ìrìn-àjò ìhìnrere ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí abúlé kan létí omi, ní ìsàlẹ̀ Abigi lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé. Ìwọ náà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi: bí wọ́n bá ti fún mi ní bébà àti rúlà, ayé mi ti dára nìyẹn. Mo pín ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí wákàtí, mo tún pín wákàtí sí ìṣẹ́jú. Eré orí ìtàgé wà níbẹ̀, ìwàásù pẹ̀lú gbohùngbohùn wà níbẹ̀, mo fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní ogójì ìṣẹ́jú, kódà mo kọ "ẹ̀rín àti ìfararora, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń bójú tó wa. Kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti na ìdajì àwọn àgbà ìjọ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọn kò sì tíì gbàgbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n kò sí ògiri kan nínú pálọ̀ rẹ̀ tí àwòrán àwọn ọmọ tó kọ́ kò bò mọ́lẹ̀. Ó ka ètò mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi báírò pupa tún sípẹ́lì mi ṣe níbi méjì, ó wá yọ jígí ojú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ta ló ti dé abúlé yìí rí nínú yín?"

Kò sí.

"Ẹ ti wá mọ ìṣẹ́jú tí wọn yóò rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ẹ lọ kí wọn ná."

Bí ó ṣe di pé wọ́n rán èmi àti ààrẹ wa nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni ààrẹ, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ohùn rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo yàrá kan. A wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Òde, a wọ òmíràn dé Abigi, ọ̀kadà gbé wa dé èbúté, a sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ mì ni ààrẹ kò ti sọ gbólóhùn kan mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó pa ojú dé, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Èmi ní tèmi kò lè mú ojú kúrò lára omi náà. Ó dúdú, ó ń dán, ewé òṣíbàtà tẹ́ sójú rẹ̀, èéfín ẹja yíyan sì ń ti etídò wá bá wa kí a tó rí ilé kankan.

Bàbá kátíkíìsì tó ń bójú tó ìjọ kékeré ibẹ̀ ni a bá tí ó jókòó sórí àpótí, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó fún wa lómi, ó bi wá léèrè bóyá a ti jẹun, ó sì ní kí n ka ohun tí mo gbé wá. Mo kà á tán pátá. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Nígbà tí mo dé ìparí, ó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pé Sátidé wo ni mo pè é. Mo tún un pè. Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀.

"Ọjọ́ ìdána ọmọ mi nìyẹn! Sátidé ni ìdána, ọjọ́ Ìsinmi ni a ó súre fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló fẹ́ gbọ́ gbohùngbohùn yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi?"

Ojú mi ṣú. A kò lè yí ọjọ́ náà padà, nítorí àwọn tó wà ní yunifásítì yóò bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sì ti gba ààyè. Àwọn náà kò lè yí tiwọn. Bí mo ṣe ń ká bébà mi bọ àpò, Bàbá dìde, ó ní kí a jẹ́ kí a lọ wo ọkọ ìyàwó.

Akànkọ̀ ni. A bá a ní etí omi tó ń fá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tuntun kan, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó kí wa pẹ̀lú ìtìjú, ó tún padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni Bàbá tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá ọmọkùnrin náà ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ti darúgbó, kò lè rìn dé èbúté. Ọmọ dáadáa ni, gbogbo abúlé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tí í ṣe olórí ẹbí ìyàwó, ti fárígá. Ó ní òun kò ní fa ọmọ fún ẹni tí kò lẹ́nìkan. "Bí ọ̀rọ̀ bá dé lọ́la, ta ni n ó bá wí? Ṣé igi ọkọ̀ ni?"

Bàbá dúró lójú ọ̀nà, ó wò wá. "Ẹ̀yin mélòó lẹ ń bọ̀?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà," ni ààrẹ dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ wá bá wa ṣe ẹbí ọkọ."

Nígbà tí a jíṣẹ́ yìí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ìsinmi, ariwo sọ. Ẹnìkan ní, "Iṣẹ́ Olúwa la fẹ́ lọ jẹ́, ẹ wá ní ká lọ jẹ ìrẹsì ìdána." N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi lọ́hùn-ún fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ètò mi ń dùn mí bí òkú. Gbogbo wa yíjú sí Màmá. Ó na ọwọ́, mo gbé ìwé náà fún un. Ó fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ kan láti òkè Sátidé dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sí ààrin: *Ẹbí ọkọ.*

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìdọ̀bálẹ̀," ó ní. Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Ẹbí ọkọ kì í sì í lọ láìní ìyá. Èmi náà ń bọ̀."

Mo ti lọ sí ìpàdé púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó dùn tó àwọn ìpàdé tó kù wọ̀nyẹn. Àwọn ọkùnrin wa mẹ́sàn-án ń dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, Màmá ń pàṣẹ fún wọn bí ẹni tó ń darí àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí pápá, ààrẹ a sì máa kẹ́yìn dé ilẹ̀ nígbà gbogbo nítorí gígùn rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága ìdúró, èmi tí n kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn láìwo ìwé. Nítorí pé ẹbí gbọ́dọ̀ mọ ọmọ wọn, mo ń pe akànkọ̀ náà lórí fóònù lójoojúmọ́. Mo béèrè oúnjẹ tó fẹ́ràn, ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é, ohun tí ó máa ń bà á lẹ́rù. Lórí èyí tó gbẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àrá ni," ó ní. "Bó bá ti ń sán, abẹ́ ọkọ̀ tí mò ń kàn lọ́wọ́ ni mo máa ń wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Sístà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ.

Ní Sátidé náà, oòrùn ràn bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n ta tapólì sórí iyanrìn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, abúlé jókòó sápá kan, àwa dúró lápá kejì. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, màmá àgbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló jókòó síwájú, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Àwọn ọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, iyanrìn wọ ààrẹ nímú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó," ó ní, "ẹ kú ìrìn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: ṣé eré lẹ wá bá wa ṣe ni, àbí òótọ́? Kí lẹ mọ̀ nípa ọmọ tí ẹ pè ní tiyín yìí?"

Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ fò lọ lórí mi. Ojú tó tó igba ń wò mí. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ọpọlọ mi ló bọ́ sí mi lẹ́nu: "Ẹ̀rù àrá ń bà á, mà. Abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń sá sí."

Ọkọ ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyàwó ta láti inú ilé, níbi tí kò ti yẹ kí a gbọ́ ọ rárá: "Òótọ́ ni! Mo ti fà á jáde rí!" Àgbájọ náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lu itan, àwọn kan ń nu omijé, mo sì rí i tí ẹnu màmá àgbà náà ń gbọ̀n pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ìbéèrè kan.

"Bí ọmọ wa bá ní ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ láti rò lọ́dún tó ń bọ̀, ilé ta ni yóò wá?"

Màmá wa dìde. Gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé àti Yorùbá inú ìwé ló ń sọ, a sì máa bá ẹni tó bá fọ Ìjẹ̀bú nínú kíláàsì rẹ̀ wí. Lọ́jọ́ náà, Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ ọ́, tí kì í pe ilé ní ilé bí kò ṣe *ulé*. Ó ní ulé òun ni. Ó júwe ọ̀nà láti gáréèjì Òkè-Àgbò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó dárúkọ igi ọsàn tó wà níwájú ilé, ó ní bí ọkọ bá ṣẹ ìyàwó, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá, òun yóò sì na ọkọ náà bó ti wù kí ó dàgbà tó.

Màmá àgbà náà dìde kúrò lórí àga rẹ̀, ó rìn gba orí iyanrìn kọjá, ó sì dì mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó jáde, tó kúnlẹ̀ níwájú Màmá kí ó lè súre fún un gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ, mo rò pé àdúrà rẹ̀ yóò gba ìdajì wákàtí. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọmọ mi," ni ohun tó rí sọ, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ kan wò tí kò jẹ rí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ojú rẹ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún wa. Àwọn ìyá jókòó tì wá, wọ́n ń sọ ìṣòro wọn bí a ti ń sọ ọ́ fún àna, wọ́n sì ń béèrè kí a bá àwọn gbàdúrà láìjẹ́ pé a ní kí wọ́n béèrè. Àwọn ọmọdé kò jẹ́ kí a sinmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsúre, Bàbá kátíkíìsì ní kí ààrẹ wàásù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi sọ̀rọ̀, lórí Ọlọ́run tó fi ẹni àdáwà sínú ìdílé, mo sì ṣàkíyèsí pé kò gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo ti bá àwọn ìjọ mìíràn gbèrò irú ìrìn-àjò báyìí láti ìgbà náà. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, kí ni àwọn tí ẹ ń lọ bá ń wá? Àwọn kan a máa wò mí bí ẹni tí kò nígbàgbọ́ tó. N kò bínú sí wọn. Èmi náà ti lọ síbẹ̀ rí pẹ̀lú èrò pé a fẹ́ gbé nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn, n kò mọ̀ pé ààyè kan ti ṣófo láàárín wọn, àti pé ohun tí Olúwa fẹ́ lọ́wọ́ wa kò ju kí a jókòó síbẹ̀.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìdána náà tí fóònù mi dún ní àárọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n Bàbá kátíkíìsì ni, kò sì kí mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Ìyàwó wa ti bí ọmọbìnrin, ó ti di ọjọ́ kẹta.

"Ẹbí bàbá ló ń mú orúkọ wá," ó ní. "Kí lẹ̀ ń dúró dè?"