Èlé Àwọn Ìyá Wa Wálẹ̀ Lónìí!

Èmi, Rófíà, ni mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí lórúkọ àwọn ìyá mẹ́jọ tó ń ta aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Gángan.

Ìwé tí wọ́n fi yáwó ní báńkì sọ pé èlé wọn yóò máa tẹ̀lé èlé bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ ará ìlú. Tìjọba gòkè, tiwọn gòkè. Tìjọba wálẹ̀, tiwọn kò mira.

Lónìí, a kó ìwé náà lọ bá mánijà báńkì. Ó ní, "Màmá, òyìnbó inú ìwé yìí le."

Alhájà Sìkírá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tó ti há ìlà kẹfà ìwé náà tó sọ̀rọ̀ èlé sórí bí ẹní há kéwú, kà á láìwo ìwé. Ó ní, "Ọmọ mi, àbí àtẹ̀gùn yín kì í sọ̀kalẹ̀ ni?"

Mánijà bú sẹ́rìn-ín, ó dín èlé kù lójú wa!

Ó ku àlékún tí báńkì ti gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Kí wọ́n dá a padà kí a tó kírun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti ka ìwé tiyín?