Bọ́sẹ̀dé Mú Ọkọ Rẹ̀ Lọ sí Vienna

Ní àdúgbò Basin nílùú Ìlọrin, ẹni tó bá kọjá níwájú ilé Láyíwọlá láàárọ̀ Sátidé á rí ohun tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Oòrùn á ti gòkè dáadáa, àwọn ará àdúgbò á ti jẹun àárọ̀ tipẹ́, wọ́n á ti máa ro ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́sàn-án, ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà àti Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí fàráńdà, tábìlì kékeré á wà láàárín wọn, búrẹ́dì, ẹyin síse àti kọfí á sì wà lórí rẹ̀. Láyíwọlá ló dá àṣà náà sílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ló tẹ́ ẹ lọ́rùn láti kékeré ní Ọ̀mù-Àrán. Kò tiẹ̀ mọ orúkọ tó yẹ kó pe oúnjẹ tí kì í ṣe ti àárọ̀, tí kì í sì í ṣe ti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́, nítorí ó fẹ́ràn bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀.

Olùkọ́ ni Bọ́sẹ̀dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Post Office. Láyíwọlá ń ya máàpù fún ìjọba. Ní ọdún 1973, wọ́n rán an lọ sí Vienna, ìlú ńlá kan lórílẹ̀-èdè Austria, pé kó lọ fi oṣù díẹ̀ kọ́ iṣẹ́ sí i. Ibẹ̀ ló ti mọ ilé kọfí kan tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà, tí obìnrin onírun funfun kan ti ń tajà. Gbogbo Sátidé ló ń jẹun níbẹ̀. Ọjọ́ tó padà dé ló ti sọ fún Bọ́sẹ̀dé pé, "Màá mú ọ débẹ̀." Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé kan tí kì í múra ìrìn àjò ọ̀hún sílẹ̀ lẹ́nu.

"Tí a bá débẹ̀," ó máa ń wí, "má jẹ̀ẹ́ ká sáré jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì. Ká kọ́kọ́ rìn kiri nígbà tí ìlú ṣì dákẹ́. Tí ara bá wá ń béèrè oúnjẹ, ká wọ ilé kọfí. Wọ́n á gbé kọfí wá pẹ̀lú ife omi kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni omi yẹn. Ife kọfí kan ṣoṣo, o lè jókòó tì í títí di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa lé ọ."

"Bàbá Dorcas, kí ni àwọn fúnra wọn wá ń jẹ lérè?"

"Ìyẹn kọ́ ló kàn wá, Bọ́sẹ̀dé. Bàtà ló yẹ kó o máa rò. Má wọ bàtà tuntun lọ o, èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kó o wọ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú títì wọn."

Ó tún máa sọ fún un pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà Sátidé ni kí wọ́n ti ra búrẹ́dì àti èso sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín ìgboro, ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tún kì í bọ inú ẹ̀rọ kékeré kan kó lù ú lóńtẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí olè ni wọ́n á ṣe kà á sí. Bí iná pupa bá ń jó létí títì, kí èèyàn dúró, kódà bí mọ́tò kankan kò bá sí lọ́ọ̀ọ́kán. Bọ́sẹ̀dé gbọ́ ọ títí ó fi há a sórí, bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ń há ìsọdipúpọ̀ sórí. Ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ṣe róbótó tó sì láwọ̀ ewé. Ó mọ dígí gbàǹgbà tó wà lára ògiri ilé kọfí náà, àti bí obìnrin onírun funfun ọ̀hún ṣe máa ń bínú sí ẹni tó bá gbàgbé láti kí i.

Ọdún 1988 ni Láyíwọlá ya máàpù kan níbi iṣẹ́, tó fa títì kan sọdá odò níbi tí kò sí afárá. Ọ̀gá rẹ̀ dá a padà, àwọn méjèèjì sì fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún ṣe irú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bọ́sẹ̀dé bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà wo ojú rẹ̀ títí, ó wá fà sẹ́yìn, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Omi inú ojú ló ń tì í láti inú, Bàbá. Ó ti ba iṣan tí ojú fi ń ríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò mọ̀. Èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́. A ó máa fi oògùn tọ́jú èyí tó kù."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé Post Office. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọdá, láàárín ariwo mọ́tò àti àwọn tó ń kiri ọjà, Láyíwọlá na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Kò di ọwọ́ rẹ̀ mú níta rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Bọ́sẹ̀dé ò wo ojú rẹ̀. Ó kàn dín ìrìn rẹ̀ kù.

Oògùn náà ò rí ojú ọ̀hún dá dúró. Láyíwọlá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tọrọ físà, wọn ò fún wọn. Wọ́n dúró, wọ́n tún tọrọ rẹ̀. Lásìkò yẹn owó náírà ti ń já wálẹ̀, ohun tí wọ́n tù jọ ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ta Fokisiwájìn ìjàpá wọn, ó ṣe tán Láyíwọlá ò lè wà á mọ́. Nígbà tí físà fi máa jáde lọ́dún 1992, ibi tí fèrèsé wà nínú yàrá nìkan ló kù tó lè mọ̀.

Dorcas, ọmọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kaduna, wálé láti wá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdáná.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ mú Bàbá lọ ṣe níbẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ lọ rí?"

"Bàbá rẹ ló fẹ́ lọ."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Bọ́sẹ̀dé tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá kí wọ́n fi ìrìn àjò náà sílẹ̀. Láyíwọlá ní, "Ó ti pẹ́ tó o ti ń retí ẹ̀." Bọ́sẹ̀dé rò ó pé bí òun bá sọ pé òun ò retí nǹkan kan, ọkàn ọkùnrin yìí á bàjẹ́ ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ní kò burú.

Kano ni wọ́n ti wọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tí wọ́n dé Vienna, òtútù ṣì ń mú díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù karùn-ún ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Láyíwọlá wọ kóòtù rẹ̀, ó fi apá kọ́ apá ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ sọ́nà látinú máàpù tó wà lórí rẹ̀.

"Ọ̀tún ni ká yà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló yẹ kó wà lọ́wọ́ òsì. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Òrùlé ẹ̀ ṣe róbótó, ó láwọ̀ ewé."

Bọ́sẹ̀dé ò gbójú sókè. Ilẹ̀ ló ń wò. Gbogbo etí títì ló ga, gbogbo àtẹ̀gùn ló ń yọ̀, tíráàmù sì ń yọ láti ibi téèyàn ò fọkàn sí. "Ẹ gbẹ́sẹ̀," á wí. "Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rọra, òkúta kan ti yọ síbí." Ohun tí Láyíwọlá bá bi í pé ṣé ó ṣì wà, á sọ pé ó wà, á sì fi ọ̀rọ̀ tí Láyíwọlá fúnra rẹ̀ ti sọ ní fàráńdà wọn ní Basin ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n dé kọ̀rọ̀ tí ilé kọfí náà wà, Bọ́sẹ̀dé gbójú sókè. Bàtà ló kún inú fèrèsé onígíláàsì, bàtà obìnrin, pupa àti dúdú, wọ́n tò wọ́n léra wọn lórí. Ó yẹ orúkọ òpópónà náà wò lára ògiri. Ibẹ̀ náà ni.

"Ṣé a ti dé?" Láyíwọlá bi í. Ó ti ń ṣàtúnṣe ọrùn kóòtù rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ènìyàn pàtàkì.

Bọ́sẹ̀dé wo ojú rẹ̀. "A ti dé," ó ní. "Ó kù díẹ̀ síwájú." Ó mú un wọ ilé kọfí mìíràn tó wà lẹ́bàá ibẹ̀.

Ọkùnrin kan gbé oúnjẹ fún wọn, ẹyin rírọ̀ nínú ife, búrẹ́dì, bọ́tà, kọfí pẹ̀lú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láyíwọlá fi ọwọ́ pa ojú tábìlì, ó mú ọwọ́ náà padà. Nígbà tó yá, ó ní, "Dígí ńlá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà lára ògiri?"

Ògiri funfun lásán ló wà níbẹ̀. "Ó wà. Mo ń rí àwa méjèèjì nínú ẹ̀."

"Báwo la ṣe rí?"

"A ti dàgbà díẹ̀. Kóòtù yín bá yín mu."

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò nílùú náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń padà sí ní gbogbo àárọ̀. Ojoojúmọ́ ni Láyíwọlá ń bi í ní nǹkan kan, ojoojúmọ́ ni Bọ́sẹ̀dé ń parọ́ fún un. Ó ní obìnrin onírun funfun náà ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ ló ń tajà báyìí. Ó ní ológbò kan ń sùn lórí àga nítòsí ilẹ̀kùn. Ó parọ́ náà títí ẹnu rẹ̀ fi ń yá sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, Láyíwọlá mu kọfí rẹ̀ tán, ó gbé ife kalẹ̀.

"Bọ́sẹ̀dé, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí?"

"Níbo?"

"Ní ilé kọfí tèmi."

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé dúró lórí búrẹ́dì. "Bàtà," ó ní. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èèyàn máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni kó tó wọlé níbẹ̀. Òkúta ni ojú tábìlì wọn. Igi lèyí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa parọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ohun tó ò ń sọ, mò ń rí i," Láyíwọlá fèsì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan kedere bẹ́ẹ̀. Má bínú. Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, mi ò bá má wá. Ìlérí tí mo ṣe fún ọ ló gbé mi wá."

"Èmi náà, nítorí yín ni mo ṣe wá," Bọ́sẹ̀dé wí. "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Bọ́sẹ̀dé ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú kí mímí rẹ̀ má yí padà, kí ọkọ rẹ̀ má bàa mọ̀. Láyíwọlá na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń wá ọwọ́ rẹ̀ kiri láàárín àwo títí ó fi kàn án.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìlọrin, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó ṣẹ́kù náà kú lójú rẹ̀. Kò kérora. Ó kàn ń dákẹ́ sí i ni. Bí Bọ́sẹ̀dé bá gbé kọfí kalẹ̀ ní Sátidé, á mu díẹ̀, á ní ó dára, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ní àsìkò òjò ọdún 1995, ibà kan mú un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru tẹ́lẹ̀. Dorcas dé láti Kaduna kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ọ̀mù-Àrán, ìlú tí òun náà ti wá. Bọ́sẹ̀dé padà sí Basin, ó sì ń bá iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà kí Hàlímọ̀tù, tí wọ́n jọ ń ṣe olùkọ́, tó wá kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Shehu ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ó sì ti ní kí àwọn òbí òun wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Ìwọ lo ti dé ìlú òyìnbó rí, Màmá Dorcas," Hàlímọ̀tù wí. "Wàhálà ìrìn àjò yìí ń bà mí lẹ́rù. Kí ni kí n mọ̀?"

Bọ́sẹ̀dé sọ fún un. Ó sọ̀rọ̀ bàtà, ó sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lù lóńtẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tó ń tì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí ó kọ àdírẹ́sì Shehu sórí bébà, kí òun àti Àlàájì ọkọ rẹ̀ fi sápò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí wọ́n máa béèrè ohun tó wà nínú ẹran kí wọ́n tó jẹ ẹ́, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń sọ ọ́ geerege, Hàlímọ̀tù sì ń mi orí.

"Àlùbáríkà. Ìlú tẹ́ ẹ lọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó rẹwà?"

Bọ́sẹ̀dé la ẹnu láti dáhùn. Ó wá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà nínú ọkàn rẹ̀, ohùn Láyíwọlá nìkan ló bá níbẹ̀. Ó wá odò, ó wá àwọn ilé gíga àti igi tí wọ́n ní ó máa ń tanná nínú oṣù karùn-ún, kò rí ìkankan. Ohun tó ń rí kò ju etí títì lọ, àti òkúta tó lómi lójú, àti ẹsẹ̀ bàtà ọkùnrin kan tó ń rọra tẹ̀ lé tirẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Ìyá Shehu," ó ní. "Ilẹ̀ ni mò ń wò fún un."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Hàlímọ̀tù ò ní kó dákẹ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, wọ́n jókòó títí wọ́n fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tó ṣe, Bọ́sẹ̀dé fi etí ìró nu ojú, ó sì dìde láti lọ bu omi àlùwàlá fún un.