Kòkòrò Méjì Inú Ìgò Kọfí

Bí wọ́n bá ti ṣí ìgò kọfí ní ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́, òórùn rẹ̀ á gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Oǹdó, lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan.

Mo mú kòkòrò méjì lórí koríko. Bàbá mi, olùkọ́ báyọ́lọ́jì, wò wọ́n fìrí, wọ́n ní, “Ọmọ tata ni. Ìyẹ́ wọn ò tíì hù.” Mo kó wọn sínú ìgò kọfí tó ṣófo, mo bu móínmóín sí i, kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ máa jẹun.

Nígbà tí mo jí lójú oorun ọ̀sán, ọ̀kan ti di èkejì mú, ó ti jẹ orí rẹ̀ tán. Kò fọwọ́ kan móínmóín.

Mo figbe ta. “Bàbá, ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n ń jẹ àbúrò!”

Bàbá sáré dé, wọ́n gbé ìgò náà sójú oòrùn. Lójú wa báyìí ni èyí tó yó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé ìdílé kòkòrò apẹranjẹ kan wà tí kì í hu ìyẹ́ títí ayé, tó ti pẹ́ nínú ìgò àwọn onísáyẹ́ǹsì kí wọ́n tó mọ̀ pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo béèrè pé, “Bàbá, ṣé ọmọ máa ń bímọ ni?”

Bàbá mi, tó mọ orúkọ gbogbo ohun tó ń rìn ní ẹ̀yìnkùlé wa, yí ìgò náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wá ìyẹ́ lẹ́yìn kòkòrò náà.