Ilẹ̀ Dúdú Ẹ̀yìn Ilé Ọkọ Mi

Òórùn èédú tí a rẹ sínú omi ìgbẹ́ adìyẹ kì í kúrò nímú bọ̀rọ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ eléèédú kọjá nílùú Ìlawẹ̀ tí mò ń gbé báyìí, ẹ̀yìn ilé ọkọ mi àtijọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ni ọkàn mi máa ń sá lọ, níbi tí mo ti fi ara mi tún ilẹ̀ ṣe fún ẹlòmíràn.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé fún ìyàwó nínú àwọn ẹbí kan. Ẹni tó bímọ gba tirẹ̀, ẹni tí kò bí, kó máa wòran. Èmi ò bí. Nígbà tí mo wòran títí, ìyá ọkọ mi nàka sí ibi tí àwọn tó kọ́lé ti mọ búlọ́ọ̀kù rí, kìkì yangí àti símẹ́ǹtì tó ti dì, ibi tí koríko pàápàá kọ̀ láti hù. Ó ní, "Ìyàwó, gba ibẹ̀ yẹn. Ó bá ọ mu, òun náà kì í so nǹkan." Àwọn tó wà lágbàlá rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tiẹ̀ ni mi ò sì gbàgbé.

Olórí kunkun ni mí. Mo lọ ń tọrọ èérún tó wà nísàlẹ̀ àpò lọ́wọ́ eléèédú, mo dà á sílẹ̀ ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Tẹ̀tẹ̀ pọ́n, ó kú. Ìyá ọkọ mi pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń dáko ní Ìgbàrà-Odò ló là mí lójú lórí fóònù: "Ebi ń pa èédú gbígbẹ. O ò bọ́ ọ, ló ṣe jẹ oúnjẹ ẹ̀fọ́." Ni mo bá wá dúrọ́ọ̀mù kan, mo rẹ èédú sínú omi ìgbẹ́ adìyẹ. Ìtọ̀ tèmi náà wà níbẹ̀, kí n má parọ́. Ó pẹ́ kí n tó dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò máa fi rọ̀ dáadáa, yangí ti ń dúdú, ó ti rọ̀, ekòló ti ń gbébẹ̀. Ata so, ilá so. Ìyá ọkọ mi ń já ẹ̀fọ́ fún àlejò, ó ń pè é ní ilẹ̀ wa. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí. Mo rò pé wọ́n á ka ohun tó ti ọwọ́ mi hù yẹn kún nǹkan.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi mú ìyàwó mìíràn wálé pẹ̀lú oyún. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, ìyá ọkọ mi bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí mo ti ń tu koríko. "Ọmọ ti dé ulé yìí. Dìde níbẹ̀, fi ilẹ̀ ọmọ sílẹ̀ fún ọmọ." Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Ìyá tún ní, "Kó o tó lọ, kọ́ ìyàwó bó o ṣe ń rẹ èédú yẹn."

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ fún ìyàwó tuntun náà pé gbígbẹ ni wọ́n ń dà á. Èrò náà dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi bọ́ yó, mi ò lè febi pa á. Mo kọ́ ọ délẹ̀délẹ̀. Ó ń fọwọ́ dí imú, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ, ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Wò ó dáadáa. O ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ulé yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní èédú kì í jẹrà, pé yóò wà nínú ilẹ̀ náà títí dé orí ọmọ-ọmọ wọn. Ó fi ń tù mí nínú ni. Ohun tí èmi gbọ́ níbẹ̀ ni pé wọn ò ní jẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi tán láéláé, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì ní dárúkọ mi sí i.