Abẹ́rẹ́ Kan Náà, Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àrùn ẹ̀dọ̀ ló pa bàbá wa. Nígbà tí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi àti àbúrò mi obìnrin wò, tí kò rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà lára wa, ó ní ká tètè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àjá la ti gbà á. Nọ́ọ̀sì kan náà ló gún wa, a sì gba ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ ká gbà pé.

Lẹ́yìn náà wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ wa, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́. Ti àbúrò mi ṣiṣẹ́ dáadáa. Tèmi, àfi bíi pé omi lásán ni wọ́n gún sí mi lápá.

Mo bi dókítà pé kí ni mo ṣe. Ó ní n kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣàlàyé pé ara ló ń ṣe àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, pé àbùdá tá a jogún ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe wọ́n, àti pé àbùdá yìí yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí òmíràn. Ó ní ó lè jẹ́ ohun tó fà á nìyẹn, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa, mà."

"Ọ̀dọ̀ àwọn kan náà lẹ ti jogún," ó dá mi lóhùn, "àmọ́ ẹ ò jogún ohun kan náà."

Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sí Ìgbó Ẹfọ̀n, àbúrò mi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo rò pé ojú ń tì í pé tirẹ̀ dára.

Ìyá wa ń ká aṣọ nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ dókítà fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo jẹun kí n tó gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ta ló fún ẹ ní èyí tí ò ṣiṣẹ́? Ṣé èmi ni, àbí bàbá ẹ?"

Mo bá wọn ká aṣọ tó kù.

Dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣiṣẹ́. Mo bi í pé kí ló wá yí padà, ó ní òun ò lè sọ. Ìyá wa dúpẹ́ títí. Èmi náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní, n kò mọ ohun tí ara mi rí lẹ́ẹ̀kejì tí kò rí lẹ́ẹ̀kíní.