Ẹ̀jẹ̀ Màmá Ọ̀yọ́

Ọjà Igbó ni ìyá mi ti ta aṣọ títí irun wọn fi funfun. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé dé sí wọn, Takie, àdúgbò kan nínú ìlú wa níbí, ni wọ́n ti ṣìnà. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kadà pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ dà. Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀! Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò ní dárí ji àwọn yẹn láé.

Kí ìyá mi tó kú, dókítà kan gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ṣàlàyé fún mi pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì wà nínú ọpọlọ tí ara máa ń ṣe, tí ara náà sì máa ń kó dànù. Tí jíìnì, ìyẹn àbùdá tí èèyàn jogún, bá lábùkù, ara kò ní kó o dànù mọ́. Á máa kóra jọ bí pàǹtí, ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Oríṣi purotéènì wo ló kọ́kọ́ dàrú nínú ti ìyá mi ni wọn kò tíì mọ̀. Ó ní àwọn nílò ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ìyá mi jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí orí rẹ̀ pé, kí àwọn fi wé ti ìyá mi, kí àwọn tó ń ṣe oògùn lè mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Èmi náà fẹ́ mọ̀. Bí mo bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lásán, àyà mi á já.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ṣoṣo ló kù, Màmá Ọ̀yọ́. Mo wọ mọ́tò lọ bá wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?" Màmá ta gìrì. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ ọmọ-ọmọ mi, àwọn àna ṣì ń ṣe ìwádìí wa lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé dókítà ń gba ẹ̀jẹ̀ wa nítorí orí tó dàrú, ṣé wọn ò ní sọ pé àrùn ìdílé ni?"

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Tó bá wà lára èmi ńkọ́? Tó bá wà lára ọmọ mi?"

Màmá ní kò burú, kí dókítà wá, wọ́n sì lọ bu omi fún mi. Inú mi dùn débi pé mo ti pe dókítà kí wọ́n tó padà, mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gbà, orí wọn sì pé dáadáa.

Màmá gbé omi lé mi lọ́wọ́, wọ́n wá ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Kí ló dé tí kò bá ọ wá?"

Màmá Ọ̀yọ́ fúnra wọn ló ṣáájú àwọn tó wẹ òkú ìyá mi kí á tó kírun sí wọn lára.

Dókítà ṣì ń bi mí lórí fóònù pé ọjọ́ wo ni kí àwọn wá. Omijé ń dà lójú mi.

"Ìyá mi ní kí n kí yín, Màmá," ni mo sọ.